Dísíkì Dúdú Ìyá Ìdòwú

Ọdún kejì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ IRM ní ilé ìwòsàn kan ní Kútọnu ni Ìdòwú, mọlémọlé kan láti abúlé Tatonnonkon, pè mí lórí tẹlifóònù. Kò tilẹ̀ kí mi dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Tàntí, kí lẹ sọ fún ìyá mi? Láti ọjọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ yín dé, kò dìde lórí ẹní mọ́. Ó ti ń pín ìkòkò epo rẹ̀ fún àwọn ìyàwó ilé."

Mo mọ ohun tí mo sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. IRM jẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan tó ní ihò láàárín, inú ihò náà ni aláìsàn ń sùn sí. Òòfà tó lágbára gan-an ló wà nínú rẹ̀, òun ló fi ń ya àwòrán inú ara láìfi abẹ kan ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, irin kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ọ̀gá Mùtíù tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé bíbéèrè irin lọ́wọ́ ará oko gba ọgbọ́n. Ọdẹ kan búra fún wa rí pé kò sí irin lára òun. Nígbà tí a tún béèrè, ó ní ońdè tó wà níbàdí òun kì í ṣe irin, awọ ni. Abẹ́rẹ́ méje inú rẹ̀ nìkan ni irin.

Ní ti ẹ̀yìn, dísíkì ni à ń wò jù. Láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì, ìrọ̀rí kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, yóò funfun nínú àwòrán. Bó bá ti ń gbó, omi á gbẹ, á sì dúdú. Dókítà ló ń sọ ohun tó túmọ̀ sí. Tiwa ni ká ya àwòrán kó dára, ká sì pa ẹnu mọ́. Ọ̀gá Mùtíù tẹnu mọ́ èyí fún mi títí, torí ó mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́.

Ìyá Ìdòwú ló ṣe epo tí ìyá mi fi tọ́ wa dàgbà ní Adja-Ouèrè. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ kòtò lọ fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn ọ̀pẹ. Ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ dé itan ni ọmọ rẹ̀ gbé e wá. Mo kúnlẹ̀ kí i, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ ilé ni òun bá níbẹ̀. Nígbà tó jáde nínú ẹ̀rọ, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, kí lo rí?"

"Dókítà ló máa sọ fún yín, ìyá."

"Dókítà wo? Ṣé epo mi ni dókítà jẹ dàgbà?"

Lọ́dọ̀ wa, àgbà kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọmọdé dákẹ́. Mo ní, "Dísíkì méjì ló ti dúdú nísàlẹ̀ ẹ̀yìn yín. Omi ti gbẹ nínú wọn." Ó gbàdúrà fún mi, ó lọ. Mo rò pé mo ti bọ̀wọ̀ fún àgbà. Òmùgọ̀ ni mí.

Nígbà tí mo ròyìn ìpè Ìdòwú fún Ọ̀gá Mùtíù, mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi. Kò jágbe.

"Igi tó dúdú, tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀, kí ni ará oko ń pè é?"

"Òkú igi."

"Ohun tí o pe ìyá náà nìyẹn. Lọ bá dókítà, kí o tó lọ bá a."

Dókítà ní kò sí iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ rárá. Ó ní bí irun ṣe ń funfun ni dísíkì ṣe ń dúdú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní in tí kò sì dùn wọ́n. Ìrora ìyá kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n rírìn ló máa mú un rọlẹ̀, ìdùbúlẹ̀ ló máa bà á jẹ́. Gbogbo èyí wà nínú ìwé tí Ìdòwú gbé lọ sílé. Faransé tí Ìdòwú kò lè kà ni wọ́n fi kọ ọ́, òun àti ìyá rẹ̀ ò sì padà wá bá dókítà, torí wọ́n gbà pé wọ́n ti gbọ́ èsì lẹ́nu mi. Láti ìgbà náà, bí ará ilé bá béèrè ohun tí mo rí, mo máa ń mú un wọlé lọ bá dókítà, kí n túmọ̀ fún un.

Ní Sátidé, ọ̀kadà tí à ń pè ní zẹ́mijàn gbé mi láti Adja-Ouèrè dé Tatonnonkon, ẹrẹ̀ kùn mí dé orúnkún. Ìyá kọjú sí ògiri. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sọ ohun tí dókítà sọ. Kò yíjú padà.

"O ń tù mí nínú ni."

Mo yọ àwòrán kan nínú àpò, mo nà án síwájú rẹ̀. Ó wò ó.

"Tèmi nìyẹn?"

"Rárá, ìyá. Tèmi ni." Mo ṣàlàyé pé àwa òṣìṣẹ́ la máa ń sùn sínú ẹ̀rọ láti fi kọ́ṣẹ́. Mo fi ìka tọ́ ibi kan. "Ẹ wo èyí tó dúdú yìí. Mo pọn ọmọ mi lánàá, mo sì jó."

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ àná yìí? Ta ló ní kí ìwọ náà ti máa gbó?" Ó rẹ́rìn-ín, ó di èjìká mi mú, ó dìde jókòó. Lẹ́yìn náà ó dìde dúró.

A rìn dé abẹ́ igi ọsàn tó wà níta. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, ó dé ibi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń tẹ ẹyìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí pé ṣé eéṣú ni wọ́n ń tẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ò fi balẹ̀ ni. Ẹkún gbọ̀n mí níbi tí mo dúró sí.