Ohùn tí a fi ń bo orin wa mọ́lẹ̀ ní Jẹ́dà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Jẹ́dà, iṣẹ́ tèmi nínú ilé ni láti di rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n mú ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní Nàìjíríà ń pọnmi, wọ́n ń gbálẹ̀, èmi ń ṣọ́ ohùn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lọ́hùn-ún, tí àwọn òbí yín jẹ́ onígbàgbọ́ bíi tèmi, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú náà, òfin ilẹ̀ Lárúbáwá kò gbà á. Jímọ̀ ni gbogbo ayé ń sinmi, nítorí náà Jímọ̀ ni a ń jọ́sìn, pálọ̀ wa sì ni ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi, ẹnjinníà tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, ni pásítọ̀ wa.

Àwọn ará á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni wá kíni lásán. Bàtà kankan kò gbọdọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi á ti kọ́tìnnì pa, wọ́n á tan éésì, a ó sì tan tẹlifíṣọ̀n. Bí orin bá ti gbéra báyìí, màá fi kún ohùn tẹlifíṣọ̀n kó lè bo orin mọ́lẹ̀. Bí ó bá di àdúrà jẹ́jẹ́, màá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo sùn lọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Háà! Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi jẹun tán, mo kọjú sí ògiri, mo nawọ́ sókè, òórùn mọ́ínmọ́ín Màmá sì ń fẹ́ sí mi nímú. Ìyà mọ́ínmọ́ín yẹn dùn mí ju ìyà ìkúnlẹ̀ lọ.

Àwòrán eré ọmọdé la kọ́kọ́ ń lò, èmi àti Fẹ́mi àbúrò mi sì fẹ́ràn rẹ̀. Àfi bí bàbá mi ṣe lọ rí ọkùnrin Amẹ́ríkà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó máa ń jókòó sídìí tábìlì, tó máa ń sọ̀rọ̀ títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi le. A kò mọ orúkọ rẹ̀ pè dáadáa, a sọ ọ́ ní Olóhùn Gooro. Ó ní Amẹ́ríkà ti bàjẹ́. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwọ́de kiri ìgboro kò rí òbí kọ́ wọn, àwọn eléré bọ́ọ̀lù tó ń kúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọrin orílẹ̀-èdè ń tàbùkù àsíá, àwọn tó ń bú ọlọ́pàá ni ọlọ́pàá ń ṣọ́ lóru. Bàbá mi gbádùn rẹ̀ ju ìwàásù lọ. Wọ́n á gbá orúnkún, wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́ ọ! Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

Màmá mi kì í fi ẹnu sílẹ̀ fún wọn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ẹnu wọn sì mú bí abẹ́rẹ́. "Bàbá Tolú, ẹ̀yin tí ẹ kò lè gbé fóònù sókè ya àwòrán nígboro Jẹ́dà, ẹ̀yin lẹ ń bá Amẹ́ríkà parí ìjà. Ẹni tí ẹ̀ ń gbè lẹ́yìn yìí, bó bá pàdé yín lójú pópó, ṣé ó máa bi yín léèrè pé ẹ fẹ́ràn òun?" Bàbá mi á ní obìnrin kò mọ ìṣèlú. Màmá á ní kò burú, kí ẹni tó mọ ìṣèlú wá fọ àwo.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ilé wa tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àlàájà Rámótù, ọmọ Ìlọrin. Wọ́n wá ṣe Hájì kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé, wọn ò bá wọn lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti wà ní Kakíyà, ní Mẹ́kà, nínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn tí kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Wọ́n máa ń wá tọ́jú èmi àti Fẹ́mi bí Màmá bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwa kò dé yàrá wọn rí, nítorí àmì wà lójú ọ̀nà tó ní mùsùlùmí nìkan ló lè wọ Mẹ́kà. Ohun tí wọ́n bá sọ fún wa nìkan la mọ̀, àwọn òkè olókùúta, àti ìpè àdúrà tó máa ń mì fèrèsé. Wọ́n máa ń gbé omi sàmùsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, wá nínú ike, wọ́n á bù ú fún wa mu, wọ́n á ní orí wa á pé. Àwọn ló kọ́ mi ní àkàrà dídín. Àwọn nìkan ló sì lè dá Fẹ́mi lóhùn bó bá ń fi Lárúbáwá fèsì ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí bàbá mi á sì máa fa etí rẹ̀.

Bí a bá ń kọrin ní pálọ̀, Àlàájà á tẹ́ ẹní ìkírun wọn sínú yàrá àwa ọmọ. Nígbà míì, mo máa ń gbọ́ tẹ̀sùbáà wọn láàárín orin wa. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹ̀ ń bo tèmi, mò ń bo tiyín. Ọlọ́run ń rí gbogbo wa." Ìyá ìyá mi kò fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀.

Bí ìsìn bá parí, wọ́n á jáde wá bá wa jẹun. Ní ọjọ́ kan, Olóhùn Gooro ń pariwo lọ́wọ́, Àlàájà sì bi bàbá mi pé, "Ẹnjinníà, kí ni òyìnbó oníbìínú yìí ń wí?" Inú bàbá mi dùn láti túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú, kí wọ́n dá kálukú padà sílé rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń ṣe ìwọ́de nítorí wọn, arúfin ni àwọn náà."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ fara mọ́ ọn?"

"Òótọ́ ló sọ, Àlàájà. Ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí níbẹ̀."

Màmá mi wúkọ́. Ìgbà yẹn ni ojú bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. "Ti yín yàtọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyá wa!" Àlàájà rẹ́rìn-ín, wọ́n mú ẹran inú àwo wọn fún Fẹ́mi. Wọn ò jẹ oúnjẹ wọn tán lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá mi kò dẹ́kun àtimáa sọ "òótọ́ ló sọ" ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, kò wá sí wọn lọ́kàn mọ́ pé ó kan Àlàájà.

Lọ́dún yẹn ni ìjọba ilẹ̀ Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí kò ní ìwé. A gbọ́ pé àwọn aṣọ́bodè ń wọ Kakíyà ní ìdájí, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ṣí. Àlàájà sá wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú àpò kékeré kan, ó sì rẹ̀ wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi fúnra wọn ló sọ pé kí wọ́n dúró tì wá títí nǹkan á fi rọlẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù wọnú ilé wa lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá mú Àlàájà nílé wa, wọ́n á gba iṣẹ́ bàbá mi, wọ́n á dá gbogbo wa padà sí Nàìjíríà, ká má tíì sọ ti Bíbélì tó wà nínú àpò ìrẹsì. Èmi tí mo ti ń fa Fẹ́mi lọ sílé ẹ̀kọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé.

Ó wá di Jímọ̀ kan. Ìwọ́de ńlá ń lọ ní Amẹ́ríkà, Olóhùn Gooro ń fi wọ́n hàn, ó sì ń bú wọn. Èrò ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Orin wa gbéra, mo fi kún ohùn. Ni ẹnì kan bá gbá ilẹ̀kùn, gbàgbàgbà!

Orin kú lẹ́nu wa. Mo rí ìyá kan tó ki Bíbélì bọ abẹ́ àbáyà. Mi ò rántí pé ohùn ṣì wà lókè. Bàbá mi ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Àbú Sàlímù tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ni, àgbàlagbà tó máa ń fún wa ní dàbínù nígbà ààwẹ̀. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ní irú ìpàdé wo là ń ṣe? Òun àti àlejò òun ń gbọ́ ariwo èrò tó ń ṣe ìwọ́de láti pálọ̀ wa, ṣé a kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni níbí? Bí ṣúrúta, ìyẹn ọlọ́pàá, bá gbọ́ ọ ńkọ́? Ó pariwo "ṣúrúta" yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Orin tí à ń fi pamọ́, kò gbọ́ ọ rárá. Ohun tí a fi bò ó ló gbọ́.

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n lásán ni, ẹnì kan já rìmóòtù gbà lọ́wọ́ mi, ó pa á. Ọkùnrin náà mi orí, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Àwọn kan bú sẹ́kún, àwọn kan ń dúpẹ́. Mo sáré lọ bá Àlàájà kí n sọ fún wọn pé ó ti parí. Ẹní ìkírun wà ní títẹ́, tẹ̀sùbáà wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn kíṣìnnì tó lọ sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí.

Bàbá mi wa ọkọ̀ yí Bàlàdì ká, níbi tí takisí Mẹ́kà ti ń kó èrò, wọn ò rí Àlàájà. Fóònù Àlàájà kò lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, obìnrin kan nínú yàrá Kakíyà pè wá pé ọlọ́pàá ti mú Àlàájà lójú ọ̀nà, wọ́n wà níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sílé sí. Màmá ní kí bàbá mi lọ bẹ̀bẹ̀ fún wọn. Bàbá mi mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n jókòó. "Tí ọlọ́pàá bá bi mí pé kí ni Àlàájà jẹ́ sí mi, kí ni kí n wí?" Wọ́n pẹ́ lórí àga yẹn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò lọ. Màmá di aṣọ Àlàájà, wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ obìnrin yẹn. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé Àlàájà wa padà sí Nàìjíríà.

Ayé ti yí padà. Mo gbọ́ pé sinimá wà ní Jẹ́dà báyìí, àwọn obìnrin ń wakọ̀, orin ń dún létí òkun. Ìbàdàn ni mo wà, àwọn òbí mi ti fẹ̀yìn tì sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lọ kí Àlàájà ní Ìlọrin lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti darúgbó, wọ́n sì dín wàrà fún mi. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà èwe, pé kí ló lé wọn jáde, nígbà tó jẹ́ pé aládùúgbò lásán ló wá.

"Mo gbọ́ ṣúrúta. Mo rò pé bàbá rẹ ló ránṣẹ́ pè wọ́n." Wọn ò bínú rárá. "Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé kí wọ́n kó àwa tí kò ní ìwé, àbí? Olóòótọ́ èèyàn sì ni. Mo rò pé ọjọ́ náà ló pé."

Nígbà èwe mi, ẹ̀rù ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ló ń bà wá. Lónìí, kò sí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, kálukú ń kọrin bó ṣe wù ú. Bàbá mi máa ń pe Àlàájà ní gbogbo Iléyá, Àlàájà á sì ṣàdúrà fún wọn. Bàbá mi máa ń sọ fún àlejò pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ba ìyá àwọn ní Jẹ́dà. Láàárọ̀ yìí, wọ́n fi fídíò Amẹ́ríkà kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mi ò tíì sọ fún wọn ohun tí Àlàájà wí. Mo gbé fóònù, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.