Àpótí Bàbá Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí àwọn ará ìjọ wa bá ń ròyìn bí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìwó, orí òyìnbó ni wọ́n máa ń ti í bẹ̀rẹ̀: fadá dé, fadá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba, fadá kọ́lé. Inú mi kì í dùn sí i. Fadá wo ló po amọ̀? Fadá wo ló fẹsẹ̀ gún un? Bàbá mi ló mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà láti ìpìlẹ̀ dé ibi tí koríko òrùlé gbé bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ń jókòó sí, lórí àpótí kékeré kan.

Ilé mímọ ni iṣẹ́ bàbá mi. Ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà ni, páànù kò tíì pọ̀ nílùú. Yóò mọ ògiri dé orúnkún, yóò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kó tó gbé òmíràn lé e. Fadá òyìnbó, tí ara rẹ̀ kì í gba sùúrù, a máa wá láràárọ̀, a fi ìka tẹ ògiri wò, a ní, "Ó ti gbẹ." Bàbá mi á ní, "Kò tíì gbẹ." Báyìí ni wọ́n ṣe é fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Jésù ti wọ bàbá mi lára. Kí wọ́n tó bo òrùlé, ó ti ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìyàwó méjì ló ní. Òfin ìjọ ni pé kí ó mú èyí àkọ́kọ́, kí èkejì máa lọ. Èkejì yẹn ni ìyá mi. Bàbá mi ní òun kò lè lé ìyá ọmọ. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyáálé ìyá mi, ó sì ń jókòó níwájú láàárín àwọn obìnrin. Ẹni tí kò tíì rìbọmi lè wọlé gbọ́ ìwàásù, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jáde kí Mísà gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní òun kò lè máa wọlé kí òun tún máa jáde bí ewúrẹ́. Ó gbẹ́ àpótí kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi a máa jókòó nítòsí rẹ̀, lábẹ́ fèrèsé. Bí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìjọ láàárín ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń bó ẹ̀gúsí, tí ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lèmọ́mù àdúgbò wa, ọ̀rẹ́ bàbá mi, kì í jẹ́ kí ó sinmi. "Máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Méjì péré ni tìrẹ, àyè méjì ṣì kù fún ọ." Bàbá mi á ní, "Mọ́sálásí yín, ẹlòmíì ló mọ ọ́n. Ògiri rẹ̀ wọ́." Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín.

Ó tó bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí tí ibà dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Ó le débi pé kò dá èmi ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Fadá ti lọ sí Ọ̀yọ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìjọ náà rìnrìn àjò. Ìyáálé wà ní Kuta, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ, ó lọ bá a wẹ ọmọ. Ó wá ku ìyá mi àti èmi, èmi tí n kò ju bí ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ.

Ọ̀sán gangan ni. Ìyá mi gbé etí lé bàbá mi láyà, ó dìde, ó dúró. Olùkọ́ máa ń tẹnu mọ́ ọn pé bí ẹni tó ń fẹ́ ìrìbọmi bá ń kú lọ, tí fadá kò sì sí nítòsí, ẹnikẹ́ni lè da omi sí i lórí, kí ó pe orúkọ Mẹ́talọ́kan. Ìyá mi ti gbọ́ ọ lábẹ́ fèrèsé ju bí àwa tí a wà nínú ilé ṣe gbọ́ ọ lọ.

"Lọ bu omi wá," ó wí fún mi.

Mo bù ú wá nínú igbá. Ó gbà á, kò dà á. Ó wojú mi, ó ní, "Bí ó bá kú láìrí omi yìí, n kò ní dárí ji ara mi. Bí mo bá dà á sí i lórí tí ó sì yè, ó ti di tiwọn nìyẹn, wọn yóò ní kí n máa lọ. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ó dà á. Ó pe Bàbá, ó pe Ọmọ, ó pe Ẹ̀mí Mímọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá mi béèrè ẹ̀kọ gbígbóná.

Gbogbo àdúgbò fi rẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù béèrè bóyá àgbo ni omi Àgùdà yìí, kí òun náà gba díẹ̀ fún ẹ̀yìn tó ń dun òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí fadá dé, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ tí ó pè sórí omi náà, ìyá mi sì sọ ọ́ láìṣì í. Fadá ní ìrìbọmi náà ti mú, kò ṣeé fọ̀ kúrò. Ó wá yíjú sí bàbá mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Ọ̀rẹ́ mi, o ti di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n kí n tó lè fún ọ ní Oúnjẹ Mímọ́, o mọ ohun tí o máa ṣe."

Bàbá mi mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ti di ẹrù: apẹ̀rẹ̀ aṣọ kan, ìkòkò méjì, ẹní. Ó ní ilé bàbá òun ní Olúpọ̀nnà kò jìnnà. Kò sunkún. Èmi ni mo di aṣọ rẹ̀ mú tí mo ń ké. Bàbá mi jáde láti yàrá, ara rẹ̀ kò tíì le, ó ń fọwọ́ ti ògiri. Ó wo ẹrù náà. Ó gbé ìkòkò kan, ó gbé e wọlé. Ó padà wá, ó gbé èkejì. Nígbà tí ó fi máa gbé apẹ̀rẹ̀, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyáálé, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kuta dé, dúró lọ́ọ̀dẹ̀ ó ń wò wọ́n. Ahọ́n obìnrin náà mú, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, òun àti ìyá mi kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Ó kàn pòṣé, ó ní, "Ìwọ ìyàwó, gbé ẹní yẹn wọlé fúnra rẹ, kí ó má baà tún ṣubú. Ta ni o fẹ́ kó máa bá mi gún iyán?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìjọ ti fi àyè sílẹ̀ fún bàbá mi níwájú. Ó gbé àpótí rẹ̀ dé, ó fi í síbi tí ó máa ń fi í sí, ó jókòó. Fadá fọwọ́ pè é. Bàbá mi mi orí pé òun kò wá. Fadá kúrò nídìí pẹpẹ, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ Mísà lọ́rùn, ó ní, "Wọlé. Ìwọ lo kọ́ ọ."

"Ẹ ṣeun, fadá," bàbá mi wí. "Èmi ni mo mọ ọ́n. Mo mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó fún mi lómi ló wà níta yìí."

Fadá wo ìyá mi lábẹ́ fèrèsé, ó padà sídìí pẹpẹ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun àti bàbá mi fa òrùlé ẹnu ọ̀nà síwájú díẹ̀, kí òjò má baà máa pa ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Fadá ló ń na koríko sí bàbá mi lórí àkàbà. Mo fẹ́ràn òyìnbó náà láti ọjọ́ yẹn, mo sì ń gbàdúrà fún un títí dòní.

Bàbá mi jókòó síbẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Fadá mìíràn ti dé kí ikú tòótọ́ tó dé. Òun ló fi òróró ìkẹyìn kùn ún, òun náà ló ní kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé pósí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, a tẹ̀lé e wọlé. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí i pé ìyá mi kò sí láàárín wa. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí ó ti máa ń ṣe. Ó jókòó sórí àpótí bàbá mi, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Fadá ti ṣí ìwé. Ìyáálé dìde níwájú. Ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. A ń gbọ́ ìró ọ̀pá náà títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó," ó wí, "ta ló da omi sí i lórí?"

Ìyá mi gbójú sókè. "Èmi ni, ìyáálé mi."

"Kí lo wá ń ṣe níta?"

Ó na ọwọ́ sí i. Wọ́n jọ wọlé, fadá sì dúró dè wọ́n. Èmi ni mo padà lọ gbé àpótí náà wá, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ìyá mi sì jókòó lé e.