Bàrà Tí Kò Fọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Tápà, kò sí ohun tí n kì í bèèrè ìdí rẹ̀. Ìyá mi a máa ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi ìbéèrè pa mí ni?" Èyí tó rú mi lójú jù lọ ni irin gígùn kan tí bàbá àgbà tó múlé tì wá mú bọ̀ láti Ìbàdàn. Ó ti bá àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù gbé àpò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irin yẹn, tí wọ́n fi ń gbá a, àti bọ́ọ̀lù funfun kan péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, bó bá ti kírun dé, á ri agolo mílíìkì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, á sì pe àwa ọmọ àdúgbò. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń tọ bọ́ọ̀lù tí kò tó ẹyin adìẹ lẹ́yìn! Mo fẹ́ mọ adùn tó wà nínú rẹ̀.

Wàhálà wa ni pé gbogbo wa la ti ń bá ìyá wa lu bàrà lóko. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀gúsí lọ́jà lè má mọ̀: kùmọ̀ la fi ń lu bàrà fọ́, kó lè jẹrà, ká tó fọ ẹ̀gúsí inú rẹ̀. Bí a bá ti gba irin, ńṣe la máa ń là á mọ́ bọ́ọ̀lù lórí. Bàbá á rẹ́rìn-ín títí, á ní, "Kì í ṣe bàrà o! Ẹ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ rọra."

Ọsàn tí kò tíì gbó la fi ń kọ́ ọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá tirẹ̀ wọ agolo ló ń kọ́kọ́ bu ẹ̀pà jẹ. Bọ́ọ̀lù gidi ńkọ́? Ọmọ kan ṣoṣo ló ń gbá a lọ́sẹ̀. Bó bá sọnù, eré parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó kàn mí, mo fẹ́ mọ ibi tó lè fò dé, ni mo bá fi gbogbo agbára gbá a. Ó wọ oko ẹ̀gúsí ìyá mi lọ. A wá a títí, a ò rí i. Bàbá kò bú mi. Ó kàn hú agolo rẹ̀, ó wọlé. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun.

Nígbà tí ẹ̀gúsí gbó, ìyá mi ń lu bàrà, ni kùmọ̀ rẹ̀ bá ba nǹkan kan láàárín ewé. Kò fọ́. Ó ta kọjá lórí mi! Ìyá mi pariwo, "Bàrà wo rèé?" Èmi ti ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù bàbá.

Ìyá mi náà bá mi mú un dé ilé bàbá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n tún un gbá wò." Bàbá ri agolo, ó na irin sí i. Ìyá mi gbé e sókè, ó là á mọ́ bọ́ọ̀lù lórí, gbogbo wa sì ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Kì í ṣe bàrà o!"

Lónìí, orí fóònù ni ọmọ ọmọ mi ti ń gbá gọ́ọ̀fù. Níjẹta, bọ́ọ̀lù rẹ̀ já sódò, òmíràn sì yọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Èyí tó já sódò ńkọ́?" Ó ní, "Màmá, kò sí níbì kankan." Ayé ti yí padà, n kò bá a jà. Mo kàn wá agolo mílíìkì kan, mo rì í mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Láàárọ̀ yìí ló bi mí ohun tí mo fẹ́ fi agolo náà ṣe. Inú mi dùn: ó ti bèèrè.