Fóònù Tó Ń Kọrin Fún Àlejò

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ní Festac, bọ̀dá tó ń gbé lókè wa lọ ra olówó ńlá kan ní Trade Fair. Ó ń ya fọ́tò, ó ń ya fídíò, ó tún ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Bọ̀dá ò mọ ọ̀kankan lò nínú wọn. Orin tó máa ń kọ bí wọ́n bá pè é nìkan ló wù ú. Bí àlejò bá ti jókòó báyìí, á fláàṣì mi: á pè mí, á yára gé e, kí n lè pè é padà, kí àlejò lè gbọ́ orin. Owó káàdì mi ló fi ń ṣe fáàrí.

Lọ́jọ́ kan, inú bí mi. Ó fláàṣì, n ò pè é. Mo lọ dúró sábẹ́ bálíkónì rẹ̀, mo pariwo: "Bọ̀dá, mo rí fláàṣì yín o. Kí lẹ fẹ́?"

Ó yọjú, ó rọra ní, "Ṣáà pè mí, jọ̀ọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo pè é. Ó jẹ́ kí orin náà dún dáadáa kó tó gbé e. Ó tẹjú mọ́ mi láti òkè, ó wá fi ohùn ńlá béèrè pé, "Hẹ̀lóò, ta ló ń sọ̀rọ̀?"