Iyán Tí Àṣàkẹ́ Jẹ ní Ìlórò

Òórùn kòkó ló jí mi ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Bàbá mi ti sá a kún ojú àgbàlá wa ní Ìjerò, kòkó náà ń rùn bí ọtí kíkan, ìyá mi sì ní kí n máa fẹsẹ̀ yí i. Mo ń yí i, mo ń kàwé sókè. Kíláàsì kejì girama ni mo wà, Àkúrẹ́ ṣì ni olú-ìlú wa, n kò sì tíì débẹ̀ rí.

Àkúrẹ́ yìí ló kó bá mi. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ ní ká ka ìtàn Àṣàkẹ́, ìyàwó tó bínú kúrò nílé ọkọ lọ́jọ́ òjò, tí odò sì gbé lọ. Wọ́n ti fi ìtàn náà ṣe fíìmù, tẹlifíṣọ̀n yóò sì gbé e jáde nírọ̀lẹ́ Sátidé. Ó ní ká fa ìlà sáàárín ìwé wa, kí ti ìtàn wà lápá òsì, kí bí fíìmù ṣe yí i padà wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni yóò lọ ṣojú iléèwé wa ní ìdíje ní Àkúrẹ́. Mo ti yan aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ.

Apá òsì kò ṣòro. Ní ti apá ọ̀tún, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa, nílé Màmá Ìkìrun, ìyá aláṣọ tó ti ìhà Ọ̀ṣun wá. Àwọn àgbà a jókòó sí pálọ̀, àwa ọmọdé a dúró sójú fèrèsé. Èmi ni mo kúrú jù. Orí ọmọkùnrin mẹ́rin ló wà láàárín èmi àti fíìmù, ká kúkú sọ pé orí ni mo máa ń wò. Àánú wa a máa ṣe Màmá. Yóò gbé àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò máa ròyìn fún àwa ẹ̀yìn.

"Òjò ti dé. Ó ti dé etí odò báyìí." Ó wá yíjú wò mí. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń fa imú ní pálọ̀.

"Màmá, ṣé odò ti gbé e?" ni mo fi ẹkún bi í.

"Odò wo? Ó ti gba ọ̀nà Ìlórò lọ sílé ìyá rẹ̀. Iyán ló ń jẹ yẹn. Ẹran méjì ni wọ́n fi sí i."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo tún fàlà sábẹ́ ẹran méjì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Tíṣà ka tèmi sétí gbogbo kíláàsì: "Nínú fíìmù, Àṣàkẹ́ kò kú. Ó ń jẹyán ní Ìlórò." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ṣubú. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu omi ojú, ó wá bi mí bóyá mo wo fíìmù náà rárá. Ìyá mi a máa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Nítorí Àkúrẹ́, mo ní mo wò ó, mo sì ní ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Ìkìrun tẹ̀lé mi wá síléèwé, ó wé gèlè bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé Àṣàkẹ́ dé Ìlórò lóòótọ́?"

Màmá wò ó, ó wò mí. "Odò gbé e, Tíṣà. Àmọ́ ọmọ yìí ti ń sunkún látìgbà tí òjò ti ṣú. Ṣé kí n wá sọ fún un pé ó kú, nígbà tí kò tíì jẹun alẹ́?"

Tíṣà tún bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Àbí ẹran méjì ló pọ̀ jù?" ni Màmá bi í.

Mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni mo gbà. Ọmọkùnrin tí orí rẹ̀ tóbi jù lójú fèrèsé ló lọ Àkúrẹ́. Ó dùn mí wọra. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bá Màmá yodì.

Lónìí, èmi náà ni tíṣà tó ń ní kí wọ́n fàlà sáàárín ìwé. Wéré ni mo fi ń mọ ọmọ tí kò wo fíìmù. Bí ìwé ọmọ ọjọ́sí yẹn bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, mẹ́ta náà ni n óò fún un. Ojú ara mi ni mo fi ń wo fíìmù dópin báyìí, mo sì mọ ẹni tó kú àti ẹni tó yè. Kò kàn sí ẹni tó ń purọ́ fún mi mọ́ kí inú mi má baà bàjẹ́.