Ó Dalẹ́ Kì í Ṣe Ọ̀dàlẹ̀

Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá náà ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbàgbé. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni, èrò kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Wọ́n ní kí bàbá ìyàwó wá ṣàdúrà. Bàbá dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì ṣe é dáadáa: ilé á tù yín lára, ọ̀nà á là, ẹ ò ní ṣì í rìn. Àmín ń dún lọ ràì. Ló bá dákẹ́, ó yán títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní, "Ó dalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi pa iná yẹn." Fèrèsé ló nàka sí. Oòrùn ló ní kí wọ́n bá òun pa.

Kó tó dórí àga, ó ti sùn. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ìyàwó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń wo ààrò nílé búrẹ́dì, láti aago mẹ́jọ alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀. Kí àwa tó fọ ẹnu, ó ti yan ohun tí a máa jẹ. Ọ̀sán tiwa wá di òru tiẹ̀, ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ sí i, kó lọ bá ààrò sọ ọ́.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló máa ń wọlé, búrẹ́dì gbígbóná kan nínú bébà lábẹ́ abíyá. Ọmọ rẹ̀ á ti wọ aṣọ ilé-ìwé. Àwọn méjèèjì á jókòó sí tábìlì kan náà, ọmọ ń jẹ oúnjẹ àárọ̀, bàbá ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n ń rí ara wọn lójúmọ́ nìyẹn, ọmọ náà kì í sì í fi ṣeré. Tí wọ́n bá jẹun tán, bàbá á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ó dàárọ̀, Bàbá," ni ọmọ náà sọ lọ́jọ́ kan nígbà tó ṣì kéré.

"Àárọ̀ wo? Àárọ̀ rèé lójú ẹ. Ṣé o fẹ́ kí n sùn di ọ̀la ni? Sọ pé ó dalẹ́."

"Ó dalẹ́, Bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dalẹ́, ọmọ mi."

Bí àdúgbò ṣe gbọ́ ọ nìyẹn tí wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Ó-Dalẹ́. Ọmọ náà fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá: Ẹ RỌRA, ÒRU NI NÍBÍ.

Aránṣọ tó wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni kò ka páálí. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké ṣáá. Bàbá yọjú síta pẹ̀lú aṣọ oorun.

"Aránṣọ, kí lẹ ń fi ẹ̀rọ ṣe lóru?"

"Bàbá, aago mẹ́wàá àárọ̀ la wà yìí!"

"Lọ́dọ̀ ta ni?"

"Lọ́dọ̀ gbogbo ayé!"

"Ṣé èmi ò sí láyé ni?"

"Ẹ fẹ́ kí n máa fi òru ránṣọ ni?"

"Èmi ń fi òru yan búrẹ́dì, ṣé mo kú?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó sú aránṣọ, ó gbé ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì rán kọ́tìnnì dúdú tó nípọn fún bàbá, kó má baà rí ojúmọ́ débi tí á tún fi jáde wá jà. Láti ọjọ́ náà, tọ́ọ̀ṣì ni ìyàwó rẹ̀ ń tàn wá bàtà nínú yàrá náà ní aago méjìlá ọ̀sán.

Ìyẹn jẹ́ ẹ̀rín fún àdúgbò. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹ̀rín fún ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n fún un lẹ́bùn nílé-ìwé, bó ṣe bojú wẹ̀yìn látorí pèpéle, bàbá rẹ̀ ti gbórí lé èjìká bàbá ẹlòmíì, ó ń hanrun. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀ ẹ́ kí ìgbéyàwó tó dé.

"Bàbá, mi ò fẹ́ ẹ̀bùn kankan. Ojú yín ni mo fẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kó là."

"Á là peregede," ni bàbá wí.

Ẹ ti gbọ́ bó ṣe là. Nígbà tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀, ìyàwó tuntun kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ń sunkún. "Gbogbo yín lẹ ń ṣi orúkọ yẹn pè. Ọ̀dàlẹ̀ ni." Bàbá wà lẹ́yìn ọkọ̀, aránṣọ dì í mú kó má ṣubú. Ìgbà yẹn gan-an ló jí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ̀yìn tì. Ilé búrẹ́dì fún un ní aago ògiri, wọ́n kọ BABA ODALE sí i, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Akọ̀wé wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kà á sókè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ọ̀dàlẹ̀!"

"Bí ọmọ mi náà ṣe kà á nìyẹn," ni bàbá wí.

"Oorun nìkan lẹ dà," ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún un bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. "Ẹ ò da ẹnikẹ́ni."

Gbogbo wa rò pé yóò wá máa sùn lóru bí èèyàn. Ara kọ̀. Á dé fìlà iṣẹ́, á jókòó sí pálọ̀ nínú òkùnkùn. Ìyàwó rẹ̀ á ní kó wá sùn. "Ta ló máa wo ààrò?" ni yóò fi dá a lóhùn.

Ọmọ rẹ̀ wá bímọ. Ọmọ tuntun náà ń sùn lọ́sàn-án bí òkúta, ó ń ké lóru bí ẹ̀rọ aránṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá ọmọ ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ní aago mẹ́jọ géérégé lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá ló dúró síbẹ̀, fìlà iṣẹ́ lórí, ìgò tíì lọ́wọ́.

"Mo wọṣẹ́," ló wí.

"Iṣẹ́ wo, Bàbá?"

"Wọ́n ní ẹnì kan wà níbí tí kì í sùn lóru. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹnìkejì. Gbé e wá."

Ó gbé ọmọ lé àyà. Ó wo ọmọ tirẹ̀ títí, ojú rẹ̀ là peregede. "Lọ sùn," ló wí. "Ó dàárọ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ló fi wọṣẹ́ níbẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á jọ jẹ búrẹ́dì, gẹ́gẹ́ bíi tàtijọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ife sílẹ̀.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ sí... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ṣebí mo ti sùn."

Ọ̀sán ló kú, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kọ́tìnnì dúdú wà ní títì. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni ìyàwó rẹ̀ fi ń lé èèyàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ rọra, òru ni níbí." Ní aago mẹ́rin tó ń jí i, ó tan tọ́ọ̀ṣì wọlé.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n sin ín. Aránṣọ ti pa ẹ̀rọ rẹ̀ láti ìdájí, ó kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú. "Ó dàárọ̀, Bàbá," ló wí, àwọn yòókù sì ń wí bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó wá kan ọmọbìnrin rẹ̀.

"Àárọ̀ wo?" ló wí. "Àárọ̀ rèé lójú gbogbo wa." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú rẹ̀. "Ó dalẹ́, Bàbá."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu yẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n ń rọra bù ú kí wọ́n má baà jí i.