Ẹni Tí A Kò Gbọdọ̀ Kí

Ọ̀gá tó kọ́ wa ní iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kì í gbé ohùn sókè. Yóò ní kí á dijú, kí á sọ irú bàtà tí ẹni tó jókòó tì wá wọ̀. Òfin kan sì wà tí kì í fi ṣeré: “Bí ẹ bá rí mi níta, ẹ ò mọ̀ mí o. Ẹ má kí mi.”

Oṣù mẹ́ta ló fi ta obì ní Ìtòrí, tó ń ṣọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìbọn ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọwọ́ bà á, wọ́n rán mi lọ mọ ojú ọkùnrin náà. Mo bá a níbi tó ti ń yan obì níwájú ọ̀gá. Ẹgbẹ́ bàbá mi ni ọ̀gá. Kí n tó ronú, mo ti dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ìkàlẹ̀, ọ̀gá.”

“Ọ̀gá kẹ̀?” ni ọkùnrin náà wí. “Ìgbà wo lolóbì di ọ̀gá?” Ó gbé obì sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. A kò rí i mọ́.

Ọ̀gá kọ̀wé pé àṣìṣe òun ni wọ́n fi dá òun mọ̀. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní Ṣàpọ́n, kò bínú.

“Ìyá rẹ ti kọ́ ọ kí n tó kọ́ ọ,” ó ní. “Ó yẹ kí n ti mọ̀.”